Abẹ Ẹ̀rọ Ìfági

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ ìfági: bó ti lágbára tó, kò lè pọ́n abẹ ara rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ti ìfági lórí pákó. Ní 1791 ni Samuel Bentham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1828, William Woodworth gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń yí bírí. Irin onígun mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ń de abẹ mọ́. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ irin náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ọwọ́ fi lè bọ́ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù ìka wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni irin roboto gba ipò rẹ̀, ewu náà sì dínkù.

Àdúgbò Bulabulin ní Maiduguri jìnnà sí igbó ńlá. Lóòótọ́, ojú irin dé Maiduguri ní 1964, ó sì la ọ̀nà fún ẹrù wíwúwo. Ṣùgbọ́n ìrókò kì í ṣe igi pápá Borno, gúúsù ni pákó rẹ̀ ti ń wá. Òkúta líle a sì máa wà nínú ìrókò. Bí abẹ bá kọ lù ú, ojú rẹ̀ a fọ́. Níbi tí abẹ tuntun kò sí nítòsí, àfi kí a tún ti àtijọ́ pọ́n.

Iṣẹ́ sùúrù ni. A ó kọ́kọ́ pa iná ẹ̀rọ, a ó já wáyà rẹ̀. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí abẹ gbóná jù lára òkúta ìpọ́nbẹ, nítorí bó bá dúdú bí aró, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Gbogbo abẹ inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wúwo dọ́gba, kí wọ́n sì yọ síta dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì, ẹ̀rọ yóò máa gbọ̀n. Bí ìdè rẹ̀ bá tú, abẹ lè fò jáde bí ọfà.

Nítorí náà, kí á má ṣe fojú kéré ẹni tí ń pọ́n abẹ. Irin roboto dín ewu kù, kò mú un kúrò. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló ń dáàbò bo ìka.