Láti Òkè Ìdànrè dé Àpáta Aso: Kí Ni Ó Yẹ Kí Ará Ìlú Máa Retí Lọ́dọ̀ Ààrẹ?

Àtẹ̀gùn tí a ń bá gun Òkè Ìdànrè lé ní 600 ìṣísẹ̀. Nígbà tí èmi gùn ún, àwọn ibi ìsinmi tí a ṣe sí ojú ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ fún, kí n tó rántí pé ìtàn ni mo bá wá. Lókè lọ́hùn-ún, láàárín àwọn àpáta ńláńlá, ààfin àtijọ́ Ọwá wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ó bá dúró níbẹ̀ kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ pé, kí ni àwọn tí ó gbé ìlú yìí ń retí lọ́dọ̀ ẹni tí ó jókòó nínú ààfin? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé lọ sí Abuja, nítorí pé lẹ́bàá àpáta kan náà ni olórí orílẹ̀-èdè wa ń gbé láti 1991 tí ìjọba ti kó kúrò ní Èkó.

Ní 1923 ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Òkè ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ní ayé ogun, odi tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun tán, tí oko àti ọjà wà nísàlẹ̀, òkè di ẹrù. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé ààfin kò dá dúró lókè. Níbi tí ayé àwọn ènìyàn bá lọ, ibẹ̀ ni ọba wọn bá wọn lọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ náà gan-an wò. “Ààrẹ” tí a fi ń pe olórí Nàìjíríà, oyè ogun ni ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni kí ó dáàbò bo ìjọba, kì í ṣe kí ó gbà á. Afọ̀njá jẹ Kakaǹfò, ó dojú ìjà kọ Aláàfin Aólẹ̀, ìṣọ̀tẹ̀ rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé. Lẹ́yìn náà ni Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ ẹ́. Alágbára ni, kò sí ẹni tí ó sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀ràn ìlú ni ó kó sí ọwọ́ ara rẹ̀, títí dé orí ọ̀ràn òrìṣà, kò sì sí ìjòyè tí ó lè dá a dúró. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ní ọba, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Bóyá ó jàre níbi àṣà. Èmi kò ní bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, Ìbàdàn sì fọ́ Ìjàyè ní 1862. Ta ni ó san gbèsè náà? Ará ìlú ni. Ebi pa wọ́n, a kó wọn lẹ́rú, ìlú di ahoro. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí a ń wí pé alágbára ni a fẹ́ ní olórí, Ìjàyè ni mo máa ń rántí.

Ní 1963 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní Ààrẹ, Nnamdi Azikiwe, ṣùgbọ́n ọwọ́ Abubakar Tafawa Balewa ni agbára ìjọba wà nígbà náà. Shehu Shagari ni a kọ́kọ́ dìbò yàn sí ipò Ààrẹ tí ó ní agbára, ní 1979. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida náà pe ara rẹ̀ ní Ààrẹ láti 1985 títí di 1993, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dìbò fún un. Orúkọ kì í ná ènìyàn lówó.

Abala 14 ìwé Òfin ti 1999 wí pé ọ̀dọ̀ ará ìlú ni àṣẹ ti ń wá, àti pé ààbò àti ìgbáyé-gbádùn wọn ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Nínú ìbúra rẹ̀, Ààrẹ ń ṣèlérí pé òun kò ní jẹ́ kí ire ti ara òun darí iṣẹ́ òun, àti pé òun yóò ṣe ohun tí ó tọ́ sí ẹni gbogbo láìbẹ̀rù, láìṣojúsàájú. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ibì kankan nínú ìbúra náà tí ó ti wí pé òun yóò ṣe ojúrere sí ìlú bàbá òun. Síbẹ̀, ohun tí púpọ̀ nínú wa ń retí nìyẹn. A ń bínú sí Ààrẹ ẹlòmíràn fún ohun tí a ń bẹ ti wa pé kí ó ṣe.

Ọ̀ràn Umaru Yar'Adua yẹ ní ohun tí a ń dúró lé lórí. Ó di Ààrẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Mèé, 2007. Òfin ní kí ó kọ ohun-ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba. Òun tún gbé e síta kí gbogbo ayé rí i, èyí tí òfin kò fi dandan béèrè. Ìwà rere ni, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù Nòfẹ́ńbà, 2009, ó lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia, kò sì sí ìwé kankan fún àwọn aṣòfin kí Igbákejì rẹ̀, Goodluck Jonathan, lè di Adelé. Ọjọ́ 78 ni ó gbà kí àwọn aṣòfin tó fúnra wọn pinnu pé kí Jonathan máa ṣe Adelé, ní ọjọ́ 9 oṣù Fẹ́búárì, 2010. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn ènìyàn ti tú síta ní Abuja. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọba pàápàá ń ṣàìsàn. Ohun tí ará ìlú béèrè kò ju pé, ta ni ń ṣe ìjọba wa? Yar'Adua kú ní oṣù Mèé ọdún náà. A ti tún òfin náà ṣe láti ìgbà náà: bí Ààrẹ kò bá kọ ìwé láàárín ọjọ́ 21, àwọn aṣòfin lè fi Igbákejì rẹ̀ ṣe Adelé. Síbẹ̀, ní 2023, ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Ìdànrè wà nínú rẹ̀ tún mọ irú àníyàn yìí nígbà àìsàn Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí ó kú ní oṣù Dìsẹ́ńbà.

Àwọn kan yóò wí pé ẹnu ará ìlú kò tó ọ̀rọ̀. Ní Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ ọba. Òótọ́ ni pé Baṣọ̀run Gáà fi agbára yẹn pa ọba lẹ́yìn ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ẹni tí a fi ṣọ́ ọba náà ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Lóde òní, àwọn aṣòfin ni abala 143 fún ní agbára láti yọ Ààrẹ, wọn kò sì tíì fi yọ ẹnì kan rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù Mèé, 2006, Ilé Aṣòfin Àgbà kọ àtúnṣe òfin tí ìbá fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ láyè láti díje nígbà kẹta. Ní ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì, 2015, Jonathan tí ìbò já sílẹ̀ bá Muhammadu Buhari sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó kí i kú oríire kí a tó kéde èsì tán. Nítorí náà, a ti rí i rí.

Ó ku ọ̀ràn àgbẹ̀ kòkó, nítorí ìlú kòkó ni Ìdànrè. Ní 1986 ni ìjọba pa àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ń ra kòkó rẹ́. Láti ìgbà náà, ọjà àgbáyé ni ó ń dá iye rẹ̀. Ní 2024, nígbà tí ìkórè Ghana àti Côte d'Ivoire kò dára, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. Kò sí Ààrẹ Nàìjíríà tí ó gbé e ga, kò sì sí èyí tí ó fà á wálẹ̀ ní 2025. Kí àgbẹ̀ má ṣe bú u nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a ti kọ Òfin 1999, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo Nàìjíríà, Ààrẹ ni ó sì ń yan ọ̀gá wọn. Àgbẹ̀ tí ajínigbé kò jẹ́ kí ó dé oko rẹ̀ mọ ẹni tí ó yẹ kí ó bi. Lọ́dọọdún ni Ààrẹ ń gbé ìṣirò owó síwájú àwọn aṣòfin. Àgbẹ̀ yìí lè béèrè lọ́wọ́ aṣojú rẹ̀ iye tí a yàn fún ọlọ́pàá, àti ohun tí a fi ti èṣí ṣe.