Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá: Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀?
Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá lorúkọ tó ń jẹ́. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń fi àbámọ̀ ròyìn ayé rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé òótọ́ ni. Àṣé Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́!

Kí ló mú wọn gbà á gbọ́? Lójú tèmi, ohun méjì ni. Èkíní, àwọn àdúgbò Èkó tí wọ́n mọ̀, orin ìgbà náà àti òwe kún inú rẹ̀. Èkejì, bí lẹ́tà ni wọ́n ṣe tò ó sójú ìwé, pẹ̀lú orúkọ obìnrin náà nísàlẹ̀. Kò jọ àlọ́ rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwàásù pọ̀ jù, gbólóhùn sì gùn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìbàràpá. Àwọn àlejò ń kọ̀wé lórí ìbejì Igbó-Ọrà, wọ́n ń ní ọbẹ̀ ilasa ló fà á. Ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ Igbó-Ọrà àti Èrúwà fọwọ́ ara wa kọ ìtàn wa. Bí a bá sì ń ka ti ẹlòmíràn, bó ti wù kó dùn tó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló ń sọ̀rọ̀?