Ẹni tó wá gba mágùn

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ọkùnrin kan láti apá Ẹ̀pẹ́ wọ ilé wa ní Lásunwọ̀n, n'Ìkòròdú, lálẹ́. Bàbá mi àgbà ni oníṣègùn, èmi ni mo ń di àtùpà mú. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó fi í sórí orúnkún, ó ń yí i po. Ó wé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sínú ewé. Mágùn ló fẹ́, kí Bàbá bá òun fi sí ìyàwó òun lára, nítorí àlè.

Bàbá kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ náà. "Ọmọ mi, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Látìgbà tí o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ara ṣì ń dá ọ lóhùn?"

Ó pẹ́ kó tó lanu. "Bàbá, ó di oṣù mẹ́ta. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Oúnjẹ gan-an kì í wù mí jẹ."

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló mọ mágùn. Ìgbàgbọ́ ni pé ọkọ a fi òwú tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ lélẹ̀, obìnrin a dá a kọjá láìmọ̀, ẹni tó bá wá bá a sùn ló rugi oyin. Àwọn àgbà ń yà á sọ́tọ̀: èyí tó ń mú ọkùnrin kọ bí àkùkọ, èyí tó ń mú un ta òkìtì, èyí tó jẹ́ pé omi ni yóò béèrè, tó bá sì ti mu ún, ó parí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n láti inú Thunderbolt, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àlè nìkan ni ẹnu ń kùn. Obìnrin tí wọ́n fi ara rẹ̀ ṣe pàkúté, a kì í bi í. Ọkọ tí okun rẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ, tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní akúra, a kì í bi òun náà. Bẹ́ẹ̀, ìbànújẹ́ a máa wọ inú ara. Bí ọkàn bá ń jà, adrenaline, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìbẹ̀rù, a tú sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan a fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ojú ara ọkùnrin kò ní rí ọ̀nà lọ. Ẹni tó ń fi ara rẹ̀ wé àlè ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn, ẹni mẹ́ta ló wà lórí ibùsùn yẹn. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, ìbẹ̀rù pé òun yóò tún kùnà a gorí ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó gbé kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀, ẹjọ́ àlè bọ́ síwájú adájọ́. Ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó a dá owó orí padà. Òfin ìgbéyàwó ti 1970 náà fàyè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹni tó báni ṣe panṣágà, fún àwọn tó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba. Ọkọ a ka owó rẹ̀, a gba ilé lọ. Ara rẹ̀ kò sì tíì dá a lóhùn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ nípa Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Láti 1954, kò ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́lé. Wọ́n ń gbé láàárín ará abúlé, mọ̀lẹ́bí kan wà lọ́dọ̀ kálukú, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́. Bàbá mi àgbà ni mo rántí.

Lónìí, pàrágà ni ọmọkùnrin tí ìyàwó dalẹ̀ ń sáré lọ mu ní gáréèjì Ìkòròdú. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bá a jà. Ẹni tó ń tà á kò ní bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé, ọtí inú rẹ̀ á sì tún máa dá kún àìlera ọ̀hún.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn lò lọ́dọ̀ wa. Ó mu àgbo, èmi ni mo ń koná sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àgbo, Bàbá á jókòó tì í, á máa gbọ́. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ẹja tí obìnrin náà máa ń yan, ó sọ̀rọ̀ ọmọ tí àwọn méjèèjì jọ sin. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ó sunkún débi pé ìyá mi àgbà jáde láti inú yàrá, wọ́n gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ẹyọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà nínú ewé lẹ́bàá ògiri. Ewé náà ti gbẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún ló bi mí bóyá ẹ̀kọ ṣì kù. Mo tú méjì fún un, mo fi ẹja sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n tú ìkẹta.