Báàgì Tí Wọ́n Fi Pamọ́ sí Òkàkà

Aago 5:40 ìdájí, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, 2024. Ládàánì ti pe ìrun tán ní Òkàkà. Ọlọ́kadà kan jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò tíì bọ́jú. Ó fi gìgísẹ̀ ti báàgì dúdú tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báàgì ò mira. Àgádágodo kékeré ni wọ́n fi ti síìpù rẹ̀.

Èrò kan ló gbé e wá lálẹ́ àná. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé ọkùnrin náà rí. “Àbúrò, bá mi tọ́jú ẹ. Tó bá dọ̀la, n ó wá gbà á.” Ó ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà sí i lọ́wọ́. Ọlọ́kadà ò bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Aago 7:15. Ó lọ ra epo. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni ilé epo NNPC gbé owó lítà kan kúrò ní nǹkan bí ₦617 lọ sí ₦897, ẹni tó bá sì rí i rà ní iye yẹn ní Òkè-Ògùn, kó dúpẹ́. Lítà mẹ́ta ló rà. Owó alẹ́ àná ló fi san án. Owó tuntun ni, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ó ní láti fi itọ́ ra ìka kó tó rí wọn yà.

Aago 9:30. Ó gbé ìyá kan àti àpò gàrí méjì. Òjò ti sọ ojú ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ìyá náà ń bá a sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ṣakí. Ó ń dáhùn “hẹn, màámi”, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Aago 10:50. Ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n wo ìwé ọ̀kadà, wọ́n ní kó máa lọ. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Aago 1:20 ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báàgì ọ̀hún ń rùn bí òróró tí wọ́n fi ń kun ẹ̀rọ. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó gùn, tó le. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é pé àmàlà ti wà nílẹ̀. Òkèlè mẹ́ta péré ló jẹ, ó ṣan ọwọ́.

Aago 3:05. Fóònù dún.

“Àbúrò, ó wà níbẹ̀?”

“Ó wà, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa. Ó di ọ̀la kí n tó wá. Wàá gbé mi dé Ìsẹ́yìn, ká kàn fi ọ̀kadà yí báńkì kan po lẹ́ẹ̀kan. O ò ní sọ̀ kalẹ̀. Tìrẹ ń bọ̀ o.”

Ó dákẹ́. Ẹni yẹn ti pa fóònù.

Aago 4:45. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń fi omi ọṣẹ fọ táyà tí kò dọ̀tí.

Aago 7:00 alẹ́. Bàbá rẹ̀ tan rédíò. Mẹ́sẹ́ńjà kóòtù ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìròyìn ẹjọ́ kì í fò ó. Rédíò ní Adájọ́ Haleema Salman ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Kwara, ní Ìlọrin, ti dájọ́ ikú fún ọkùnrin márùn-ún. Wọn yóò yẹgi fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìdigunjalè tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà ni.

Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ tí wọ́n jalè náà, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, 2018, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ni àwọn adigunjalè kọ́kọ́ yà sí; ọlọ́pàá 9 ni wọ́n pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí àwọn báńkì, wọ́n ń jà wọ́n lólè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní ọgbọ̀n ẹ̀mí tó lọ. Michael Adikwu, ọlọ́pàá tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ní ó wà nínú wọn, kú sí àhámọ́ ní 2018. Ọdún mẹ́fà àti oṣù márùn-ún ni ìdájọ́ fi pẹ́.

“Bàbá, ẹni tí kò yìnbọn ńkọ́? Ẹni tí kò tiẹ̀ dé báńkì?”

Bàbá yí rédíò sílẹ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó la ẹnu.

“Kí lo bá wọn gbé pamọ́?”

Aago 8:20. Wọ́n gbé báàgì náà jáde, bàbá di ọwọ́ kan mú, ọmọ di ìkejì. Èyí tó kù nínú owó náà wà lápò bàbá. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n so báàgì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà pẹ̀lú rọ́bà. Wọn ò já àgádágodo. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì títí ọ̀kadà fi kọrí sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Abala kẹfà Òfin Ìdigunjalè àti Ohun Ìjà Olóró ni bàbá náà ń sọ fún ọmọ rẹ̀ létí bí wọ́n ṣe ń lọ: ẹni tó bá ran adigunjalè lọ́wọ́, tàbí tó bá a gbìmọ̀, ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí níbẹ̀, adigunjalè ni, ìyà kan náà ni wọn yóò jọ jẹ.