Ta Ni Yóò Ki Ìwé Ẹ̀rí Ọmọ Wa Lókè Òkun?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ìwé ẹ̀rí tí ọmọ Yorùbá bá gbé dé ìlú onílùú. Agbanisíṣẹ́ tí kò gbọ́ oríkì ilé ẹ̀kọ́ tí ó bí ìwé náà rí yóò kọ́kọ́ béèrè ìdílé rẹ̀ kí ó tó wo ọgbọ́n tí ó wà lórí ẹni tí ó ni ín. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òní. Àwọn baba wa ti jẹ ìyà rẹ̀, wọ́n sì ti wá ẹ̀rọ̀ sí i.

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sierra Leone, ni wọ́n kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn náà. Ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay tí a dá sílẹ̀ ní Freetown níbẹ̀ ní ọdún 1827, tí Àjàyí Crowther wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní oyè kan láti fi dá ọmọ rẹ̀ lọ́lá, àfi ìgbà tí ó di ọdún 1876, tí ó fara ti Yunifásítì Durham, tí ọmọ aláwọ̀ dúdú sì wá lè jókòó sí Freetown kí ó gba oyè tí Gẹ̀ẹ́sì mọ baba rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò wá alágbàtọ́. Orísun gan-an ni wọ́n lọ. Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson òpìtàn, àti John Randle kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, wọ́n sì padà sí Èkó Àkéte láti ṣiṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà tí wọ́n bá òyìnbó gbà kò mú owó oṣù kan náà wá. Nígbà tí ó di ọdún 1902, tí ìjọba kó àwọn dókítà rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, ó ṣòfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ni yóò wọlé. Oríkì ìwé wọn pé pérépéré. Àwọ̀ ẹni tí ó ni ín ni wọn kò fẹ́ kì.

Ìrora yìí ni ó mú kí ojú àwọn ọ̀dọ́ Èkó là kedere nígbà tí ìjọba ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàá ní ọdún 1934, tí wọ́n sì rí i pé ìwé tí yóò máa fún ọmọ wọn kò ní lágbára lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Dókítà J. C. Vaughan, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Glasgow, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ lọ́dún náà láti tako ìrẹ́jẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, tí oyè rẹ̀ sì jẹ́ ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, títí ó fi gé ìwọ́ ní 1962, tí ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ dáni lọ́lá.

Iyì ńlá ni kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba orúkọ ti gba iṣẹ́ kíkì rẹ̀ mọ́ ọn. Láti 1975 ni àwọn tí ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ti ń dán ọ̀pọ̀ dókítà tí ó ti ìlú mìíràn wá wò. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ń díwọ̀n ìwé ẹ̀rí sábà máa ń fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ fi èsì ọmọ ránṣẹ́ sí wọn ní tààràtà. Ọmọ tí ó dé òkèèrè lè mọ iṣẹ́ bí ẹni mowó, síbẹ̀ bí ilé tí ó bí ìwé rẹ̀ bá dákẹ́ nígbà tí a pè é, ọwọ́ ọmọ náà yóò wà lẹ́nu, onímọ̀ yóò sì máa fi alẹ́ ṣọ́ ilé iṣẹ́ onílé iṣẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tí àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa wà lọ́wọ́ wọn: ẹ pa á mọ́, ẹ sì tètè dáhùn. Àwọn baba wa wá alágbàtọ́ nítorí pé wọn kò ní ilé tí a ó pè. Àwa ti ní ilé, ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.