Disque diamant: bí a ṣe ń fi gé pavé, bíríkì àti òkúta láìfi ara wa ṣòfò



Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ní kí wọ́n wá bá mi tẹ́ pavé sí àgbàlá ilé mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gé pavé náà fi aṣọ ìnujú kan di imú, ó bẹ̀rẹ̀ sínú eruku láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Nígbà tó jókòó láti jẹun, ńṣe ló ń wúkọ́. Mo bi í pé: «Àbúrò, ṣé o mọ ohun tó wà nínú eruku yìí?» Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: «Maître, sìmẹ́ńtì lásán ni.» Kì í ṣe sìmẹ́ńtì lásán o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn maçon wa, àwọn carreleur, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn.

Kí ni disque diamant?

Àwo irin pẹlẹbẹ ni, tí a ń fi sẹ́nu meuleuse. Etí rẹ̀ ni diamant wà. Kì í ṣe diamant tí àwọn olówó fi ń ṣe òrùka. Èyí tí ọmọ ènìyàn ṣe ni, ó rí wóró-wóró bí iyanrìn. Ní oṣù kejì ọdún 1955 ni ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti rí ọ̀nà ṣe é, pẹ̀lú ooru gbígbóná àti agbára ńlá tó ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á po wóró diamant yìí mọ́ ìyẹ̀fun irin, bíi cobalt tàbí bàbà, wọ́n á fi ooru sọ ọ́ di ọ̀kan.

Disque yìí kì í gé nǹkan bí ayùn ṣe ń gé igi. Ó ń lọ̀ ọ́ ni, bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Wóró diamant tó yọrí ló ń họ òkúta. Bí ó bá kú tán, irin tó dì í mú á jẹ díẹ̀, tuntun á sì yọjú. Nítorí náà, disque tí kò bá jẹ rárá kò lè gé nǹkan.

Irú mẹ́ta tó wà lọ́jà

Èkíní ni èyí tí etí rẹ̀ là sí wẹ́wẹ́. Òun ló dára fún béton, pavé àti bíríkì, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì ń tù ú. Èkejì ni èyí tí etí rẹ̀ yí po láìlà. Kì í yára, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí etí carreau hán. Omi ni a sábà máa ń fi bá a ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní turbo. Etí rẹ̀ rí kẹ́gbẹkẹ̀gbẹ, ó wà láàárín méjèèjì.

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ohun tó le ń fẹ́ disque tí irin rẹ̀ rọ̀, ohun tó rọ̀ tó sì ní iyanrìn púpọ̀ ń fẹ́ disque tí irin rẹ̀ le. Ẹ wo òkúta orí òkè Ṣábẹ tàbí ti Ìdáàṣà, granit ni. Ó le, kì í tètè jẹ irin. Bí irin disque bá le pẹ̀lú, diamant á kú sójú kan, tuntun ò ní yọ. Ṣùgbọ́n bíríkì oníyanrìn àti béton tí kò tíì gbó ń jẹ irin wàrà-wàrà. Bí irin náà bá rọ̀, diamant á já bọ́ kó tó ṣiṣẹ́ owó rẹ̀. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí: granit, béton, asphalte tàbí carrelage. Kí ẹ má kàn ra èyí tó wọ́n jù tàbí èyí tó pọ̀ jù lọ́jà.

Bí disque bá ń dán, tí kò gé mọ́, ẹ má tètè jù ú nù. Ẹ fi gé bíríkì oníyanrìn díẹ̀, irin á jẹ, diamant tuntun á yọjú.

Kí a tó tan meuleuse

Ẹ wo iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n kọ ọ́ sára disque. Iye tí disque lè gbà kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí meuleuse ń yí. Disque 230 mm sábà máa ń gba nǹkan bí 6 600, ṣùgbọ́n meuleuse kékeré ti 125 mm lè yí tó 11 000. Àwọn kan máa ń yọ ìbòrí meuleuse kékeré kí wọ́n lè fi disque ńlá sí i. Ikú ni wọ́n ń fi owó ara wọn rà yẹn o! Bó bá fọ́, ìbọn ni.

Ẹ wò ó bóyá irin rẹ̀ ti ya tàbí ó ti wọ́, bóyá eyín kan ti bọ́, bóyá irin ti di àwọ̀ aró nítorí ooru. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ọfà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí meuleuse ń yí sí. Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ jẹ́ kó yí lófìfo fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí iwájú rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ

Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi mú un. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó fi ara rẹ̀ gé. Ẹ gé e díẹ̀díẹ̀, kí ó máa jìn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìlà tó gún. Ẹni tó bá yí i sọ́tùn-ún sósì nínú ihò, meuleuse á ta padà sí i. Bí ẹ bá ń gé láìlo omi, ẹ máa fà á yọ lóòrèkóòrè kó yí lófìfo díẹ̀ kí ó lè tutù. Ẹ má wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: ẹ wọ awò ojú, ẹ sì di etí pẹ̀lú.

Eruku náà

Inú iyanrìn, òkúta, bíríkì àti béton ni ohun tí wọ́n ń pè ní silice wà. Èyí tó ń pani kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kì í jáde mọ́, ó sì ń fa àìsàn silicose. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹni tó bá ní in, ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè máa ń mú un. Láti ọdún 1997 sì ni CIRC, ilé iṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka eruku yìí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Aṣọ ìnujú kò lè dá a dúró. Masque FFP3 ni kí ẹ wá, bí kò bá sí, FFP2. Kí ó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, kí irùngbọ̀n má là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ló ṣáájú masque. Ẹ̀rọ elépo tó ní ọ̀nà omi ń fẹ́ ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹ má da omi sí meuleuse ọwọ́ tó ń lo kúrántì, àyàfi èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún omi, tó sì ní disjoncteur différentiel 30 mA. Fún pavé, coupe-pavé tún wà: ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, á là á sí méjì, eruku rẹ̀ ò tó nǹkan, kò sì ń jẹ kúrántì.

Ẹ gé e níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn yín fẹ́, kó lè gbé eruku lọ síwájú, jìnnà sí ọmọdé àti ìkòkò oúnjẹ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ wọ́n omi kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ má gbọn aṣọ iṣẹ́ nínú ilé.

Ọmọkùnrin tó bá mi ṣiṣẹ́, mo ra masque fún un ní ọjọ́ kejì, a sì lọ háyà coupe-pavé. Owó náà kò tó owó oògùn ikọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fúnni, ẹ fi owó masque kún owó iṣẹ́. Ìlera ni ọrọ̀.