Ìdí tí ẹni tó ti fi ọtí sílẹ̀ fi ń padà sí i bó bá délé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹmu ògùrọ̀ se ògógóró ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ìtọ́jú nítorí ọtí àmujù, tó sì padà sí Òkìtìpupa tàbí Òde-Ìrèlè, àárín òórùn ọtí, ìsọ̀ ọlọ́tí àti àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ló padà sí. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, àwọn ẹbí a ní olórí kunkun ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2002, Hans Crombag àti Yavin Shaham, onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ́ àwọn eku láti máa tẹ irin kan kí wọ́n lè rí oògùn olóró gbà. Nígbà tí wọ́n kó wọn sínú àpótí mìíràn, tí oògùn kò jáde mọ́, àwọn eku náà jáwọ́. Bí wọ́n ṣe dá wọn padà sí àpótí àkọ́kọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin, bẹ́ẹ̀ kò sí oògùn níbẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn rí irú rẹ̀ pẹ̀lú ọtí.

Ní 2005, Rita Fuchs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀yà ọpọlọ mẹ́ta tó wà nídìí rẹ̀. Hippocampus ló ń rántí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Amygdala ló ń so ibẹ̀ mọ́ adùn. Iwájú ọpọlọ ló ń darí ìpinnu. Nígbà tí wọ́n fi oògùn pa èyíkéyìí nínú wọn lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀, àwọn eku kò wá kokéènì mọ́ nínú àpótí àtijọ́.

Èyí kò yọ ènìyàn sílẹ̀. Lee Robins rí i pé nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí heroin ti di bárakú fún ní Vietnam, tí wọ́n padà sílé lọ́dún 1971, nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló tún di bárakú fún láàárín ọdún kan. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ kọ́ ni wọ́n padà sí. Ti ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, yàtọ̀: ibi tó ti kọ́ ọ gan-an ló ń padà sí.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọtí tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè. Ó yẹ kí ẹbí kó ìgò ọtí kúrò nílé kí aláìsàn tó dé, kí wọ́n bá a wá ọ̀nà tí kò gba iwájú ìsọ̀ ọlọ́tí, kí wọ́n sì tètè mú un padà sọ́dọ̀ dókítà bó bá ṣubú. Àìsàn ni wọ́n ń tọ́jú, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn.